Sólà 50 MW tó máa so mọ́ gíríìdì, ibo gan-an lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ díṣáìnì ẹ̀?

Pánẹ́ẹ̀lìBoy

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Sólà orí òrùlé ni mo ti ń ṣe bọ̀, èmi ò mọ̀ ju ká gbé pánẹ́ẹ̀lì sókè, ká so ó mọ́ ínfátà àti bátìrì, ká tan iná wò, ká palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Wọ́n wá gbé mi sáàárín àwọn tó ń ṣe díṣáìnì sólà ńlá kan báyìí, 50 MW, ó máa so mọ́ gíríìdì tààrà ni, kò sí bátìrì níbẹ̀ rárá, ọ̀gá wa sì ní kí n mú bí mo ṣe fẹ́ to pánẹ́ẹ̀lì wá kọ́sẹ̀ yìí tó parí. Pánẹ́ẹ̀lì 580 W ni wọ́n mú, Voc ẹ̀, ìyẹn fóltéèjì ẹ̀ nígbà tí ohunkóhun ò tíì máa fa iná lára ẹ̀, jẹ́ 49.5 V, ìwé ínfátà ní kò gbọ́dọ̀ kọjá 1500 V, mo fi 49.5 pín 1500, ó fún mi ní 30 nínú string kan (àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí a so tẹ̀ léra wọn), ó tún ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ṣé mo lè máa bá 30 yẹn lọ?

Nǹkan míì tó ń rú mi lójú ni pé gbogbo díṣáìnì táwọn èèyàn ti ṣe tí mo wò, pánẹ́ẹ̀lì máa ń pọ̀ ju ínfátà lọ, ẹlòmíì á kó pánẹ́ẹ̀lì 65 MW lé ínfátà 50 MW, mo ní ṣé wọn ò mọ̀ pé ìyókù á ṣòfò ni? Àti pé, ká sòótọ́, ṣé ìdí pánẹ́ẹ̀lì lèèyàn tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, àbí ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá jẹ́ ìbéèrè ọmọdé.

Ìyá Fóltéèjì

Kò sí ìbéèrè ọmọdé níbí jàre. Ṣùgbọ́n 30 kẹ̀? Àbúrò mi, sọ ọ́ nù.

49.5 tó o rí yẹn, ìgbà tára pánẹ́ẹ̀lì bá wà ní 25 °C ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ń tutù sí i ni fóltéèjì ẹ̀ ń gòkè. Wo datasheet, ìwé pánẹ́ẹ̀lì yẹn, dáadáa, wàá rí nọ́ńbà kékeré kan tó ní àmì ìyọkúrò níwájú, èyí tó wọ́pọ̀ ò jìnnà sí -0.25% fún °C kọ̀ọ̀kan. Wá lọ wádìí òtútù tó mú jù tí wọ́n ti wọ̀n rí níbi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é sí, òtútù ìdájí ni kó o wá o, torí àárọ̀ kùtù loòrùn máa ń bá pánẹ́ẹ̀lì nígbà tára ẹ̀ ṣì tutù nini tí ínfátà ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan kan. Ká ní 5 °C ni. 25 sí 5 jẹ́ 20, 20 lọ́nà 0.25 jẹ́ 5%, pánẹ́ẹ̀lì kan ti di bíi 52 V nìyẹn, ọgbọ̀n wọn á gun 1559 V, ó ti tán fún ínfátà rẹ, àwọn tó ṣe é ò sì ní dá ẹ lóhùn lórí warranty torí ínfátà ayé ìsinsìnyí máa ń kọ fóltéèjì tó bá wọnú ẹ̀ sílẹ̀. Àní 29 náà kọjá, 1507 ló máa jẹ́. 28 ni tìẹ. Tó o bá ti mú 28, tún yí i wò láti apá kejì, ìyẹn ọ̀sán tí ooru mú jù lọ́dún, kí fóltéèjì string má lọ sílẹ̀ débi tí MPPT, apá ínfátà tó ń wá ibi tí pánẹ́ẹ̀lì ti ń mú iná tó pọ̀ jù wá, ò ní rí i mú mọ́.

Ní ti pánẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ ju ínfátà, kì í ṣe òfò. 580 W yẹn, inú ilé tí wọ́n ti dán an wò ló ti jẹ́ 580, ìmọ́lẹ̀ 1000 W lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ara pánẹ́ẹ̀lì 25 °C. Níta gbangba lọ́sàn-án gangan ara ẹ̀ lè gbóná dé 60 °C, tó bá ń pàdánù 0.3% fún °C kan, 10.5% ti lọ nìyẹn kó tó di pé a ka eruku, ka wáyà, ka pánẹ́ẹ̀lì tí ò bára wọn dọ́gba. Torí ẹ̀ tó o bá fi 50 lé 50, agbára káká ni ínfátà rẹ fi máa rí 50. Tó o bá fi 65 lé e, òótọ́ ni pé á máa gé orí díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí oòrùn bá ràn tí afẹ́fẹ́ sì tutù, ṣùgbọ́n àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ á kún, ọjọ́ tí kùrukùrù bá bo ojú ọ̀run náà á kún, àwọn yẹn ló sì pọ̀ nínú ọdún. Ínfátà, taransifọ́mà, wáyà tó lọ sí gíríìdì, gbogbo ẹ̀ lẹ ti sanwó ẹ̀ tán, ẹ ò wá ní jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe?

Tí a bá ṣírò ẹ, 65 MW pánẹ́ẹ̀lì 580 W jẹ́ bí 112,000, tó o bá pín in ní méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n, string 4003 nìyẹn. Ojú pánẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan, tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní, á gba héktà 29. Ṣùgbọ́n a kì í tẹ́ ẹ mọ́ra o, ìlà kan á máa ta òjìji lu èkejì. Tẹ́ ẹ bá ní kí pánẹ́ẹ̀lì bo ìdá 0.4 ilẹ̀, ó ti di héktà bíi 72, mi ò tíì ka ọ̀nà ọkọ̀, ọgbà àti substation mọ́ ọn.

WáyàGíga

Ìyá Fóltéèjì ti sọ̀rọ̀, mi ò já wọn ní koro. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó o fi kẹ́yìn yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Rárá, ìdí pánẹ́ẹ̀lì kọ́ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wáyà rẹ ti máa kan gíríìdì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o wá máa padà sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì. Sólà orí òrùlé, gíríìdì ò mọ̀ pé o wà láyé. Tó o bá gbé 50 MW dé, ó mọ̀.

Nǹkan àkọ́kọ́ ni bí gíríìdì ṣe lágbára tó níbi tó o fẹ́ so ó mọ́. Béèrè fault level, ìyẹn ni pé tí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kanra níbẹ̀, MVA mélòó (ìwọ̀n gbogbo iná tó ń kọjá) ló máa ya lù ú. Fi MW tìẹ pín in. Ká ní 150 MVA ni, o ní 50, ó jẹ́ 3, o ti wà lẹ́nu ààlà nìyẹn, tó bá ti wá sábẹ́ 3 a ti ń pe gíríìdì yẹn ní aláìlágbára. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ínfátà tó wọ́pọ̀ kì í dá fóltéèjì tiẹ̀ sílẹ̀, ti gíríìdì ló ń gbọ́ tó ń tẹ̀ lé, bí ẹlẹ́gbè ṣe ń tẹ̀ lé ẹni tó ń lé orin. Tí ohùn ẹni tó ń lé bá rinlẹ̀, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ ohùn tín-ín-rín ni, tí ẹlẹ́gbè sì pọ̀, àwọn ẹlẹ́gbè á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹni tó ń lé kúrò lójú orin, gbogbo ẹ̀ á wá dàrú. Tí sólà ẹlòmíì bá tún wà nítòsí, 150 yẹn kì í ṣe tìẹ nìkan, ẹ jọ ń pín in ni, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ìyẹn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè lọ so ó mọ́ ibòmíì, ẹ lè dín in kù, ẹ lè ra synchronous condenser (ẹ̀rọ ńlá tó ń yí bíi jẹnẹrétọ̀ láti gbé fóltéèjì ró), tàbí kẹ́ ẹ mú ínfátà grid-forming, èyí tó ń dá fóltéèjì tiẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn sì sábà máa ń fẹ́ bátìrì lẹ́yìn ẹ̀. Ìkankan nínú wọn ò sí nínú layout tí wọ́n ní kó o mú wá.

Ó tún ku Mvar, ìyẹn iná tí kì í ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ àmọ́ tó ń gbé fóltéèjì sókè tàbí tó ń fà á wálẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òfin gíríìdì máa ń ní kó o lè dúró ní power factor (ìdá MW nínú MVA) 0.95, gba Mvar tàbí fúnni ní Mvar bí fóltéèjì bá ṣe fẹ́. Ní 50 MW ìyẹn jẹ́ 16.4 Mvar. Ibi tí wáyà ti kan gíríìdì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe lẹ́nu ínfátà. Kí iná tó ti ẹnu ínfátà débẹ̀ ó ti gba inú taransifọ́mà kékeré bọ́ sórí 33 kV, ó tún gba inú ńlá bọ́ sórí 132, taransifọ́mà méjèèjì ló ń jẹ Mvar, ká ní wọ́n jẹ 8. O ti nílò 24 lẹ́nu ínfátà nìyẹn, pẹ̀lú MW bíi 51 torí ohun tó ń ṣòfò lọ́nà, tó o bá wá ṣírò MVA ẹ̀ ó ju 56 lọ. Ẹni tó ra ínfátà 50 MVA fún sólà 50 MW, àyàfi kó padà wá ra capacitor tàbí STATCOM, àwọn ohun tó ń fúnni ní Mvar. Tún wo nọ́ńbà MVA yẹn ní ooru tó máa ń mú níbẹ̀, ínfátà tó jẹ́ 4 MVA ní 25 °C kì í fìgbà gbogbo jẹ́ 4 ní 45.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti kí sólà má sá. Tí fault, ìyẹn kí wáyà kanra tàbí kó kanlẹ̀, bá ṣẹlẹ̀ lórí wáyà tó jìnnà sí ẹ, fóltéèjì á já wálẹ̀ fíìn, gíríìdì á gé ibi tó bàjẹ́, fóltéèjì á padà sípò, gbogbo ẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Wọ́n fẹ́ kó o dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi kọjá. Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ 2016, iná tó ń jó igbó ní gúúsù California, èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Cut Fire, ń fa fault sórí wáyà 500 kV. Wọ́n gé fault yẹn bó ṣe yẹ, kò sí sólà kankan tí wáyà tí wọ́n gé mú iná rẹ̀ lọ, síbẹ̀ nǹkan bíi 1,200 MW sólà dédé fi gíríìdì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u wò, àwọn ínfátà kan ti ṣi frequency (iye ìgbà tí iná ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ṣírò nígbà yẹn, wọ́n rò pé ó ti já wálẹ̀ pátápátá, wọ́n bá kú. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n ti sẹ́tì wọn pé tí fóltéèjì bá ti wá sábẹ́ 0.9 iye tó yẹ kó jẹ́, kí wọ́n dákẹ́. Sẹ́tìn lásán! Irú ẹ̀ tún wáyé nítòsí Odessa ní Texas ní 2021, sólà tó ju 1,000 MW ló lọ, ó tún ṣẹlẹ̀ ládùúgbò kan náà ní 2022, ọdún yẹn náà ni IEEE 2800, ìwé ìlànà bí irú sólà ńlá yìí ṣe gbọ́dọ̀ ṣe lórí gíríìdì, jáde, ẹ lọ kà á. Ti Spain àti Portugal ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2025, fóltéèjì tó ń gòkè ni tiẹ̀, púpọ̀ nínú sólà àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló wà lórí power factor tí kì í yí, wọn ò báni fa fóltéèjì wálẹ̀, nígbà tó ga jù wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ méjèèjì bá ṣókùnkùn.

Ilẹ̀LóMọ̀

Ẹ̀yin oníná, ẹ ti ń jà sórí Mvar, ẹ ò tíì bi wá bóyá irin máa wọlẹ̀. Ẹsẹ̀ irin tó ń gbé pánẹ́ẹ̀lì yín tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà àìmọye, ìyá òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ò sì ka layout. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbin díẹ̀ káàkiri ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fà á sókè kí wọ́n sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ká mọ agbára tó gbà á, kẹ́ ẹ tó ra irin. Mo ti rí ibi tí apá kan ilẹ̀ ti gba irin bíi bọ́tà tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ihò fún gbogbo ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ tracker, irin tó ń yí pánẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé oòrùn, lẹ fẹ́ lò, atẹ́gùn àti yìnyín kì í fẹ́ ohun kan náà. Tí atẹ́gùn bá ń jà, ọ̀pọ̀ tracker ló ní ibi tó fẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì dúró sí, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì lórí ọ̀pá yẹn, á máa lọ́ bí aṣọ títí irin á fi ya. Yìnyín ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ dà á délẹ̀ gan-an ló dáa, kó máa bá ẹ̀gbẹ́ kọjá, kó má bọ́ sójú gíláàsì tààrà. Ìwọ̀-oòrùn Texas ní 2019, pánẹ́ẹ̀lì tó ju 400,000 ni yìnyín bà jẹ́ nínú sólà kan ṣoṣo, gíláàsì pánẹ́ẹ̀lì alójú méjì tá à ń lò báyìí sì sábà máa ń jẹ́ 2 mm, kò nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tracker ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà á kó tó dà dé ibẹ̀, ta ló ń fún un ní ìròyìn ojú ọjọ́, kí ló sì máa ṣẹlẹ̀ tí iná gíríìdì bá ti lọ kó tó dà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ omi, kẹ́ ẹ ṣáà má gbé ínfátà sí kòtò.

Pánẹ́ẹ̀lìBoy

Haa! Ẹ ṣé gan-an ni, orí mi ń gbóná àmọ́ ó ti ń yé mi. Mo ti gé string sí 28. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún ń jiyàn ní ọ́fíìsì lórí irú ínfátà, àwọn kan ní central (ńláńlá díẹ̀) làwọn fẹ́, àwọn kan ní string inverter (kékeré púpọ̀ káàkiri pápá), tani kí n gbè?

Ìyá Fóltéèjì

Tí a bá fi 57 MVA ṣe é, central 4 MVA jẹ́ 15, string inverter 300 kVA jẹ́ 190. Èmi string inverter ni mo máa ń gbè. Tí ọ̀kan bá kú, 0.3 MW ló lọ, èèyàn méjì á gbé òmíì tì í ní ọ̀sán kan náà. Tí central bá kú, 4 MW ti jókòó, ẹ ó sì máa retí ẹni tó mọ inú ẹ̀. Tí ilẹ̀ ò bá tẹ́jú náà, MPPT kékeré-kékeré dáa ju ńlá kan lọ.

WáyàGíga

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà níbẹ̀ yẹn o. 190 ẹ̀rọ jẹ́ 190 fáànù, 190 firmware (ètò kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ), tí ẹnikẹ́ni bá yí sẹ́tìn nínú ogún nínú wọn láì sọ fún wa, ọ̀rọ̀ Odessa ti ń bọ̀. Pápá tó tẹ́jú, èmi á mú central. Ṣùgbọ́n Pánẹ́ẹ̀lìBoy, bóyá central ni o, bóyá string ni o, ohun tó yẹ kó o fi yàn án ni model. Ilé iṣẹ́ gíríìdì máa ní kẹ́ ẹ mú model EMT ínfátà yẹn, ìyẹn àwòkọ ẹ̀rọ náà tó ń ṣe bíi tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wá kí wọ́n fi dán sólà yín wò nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbà yín láyè, ẹni tó ń ta ínfátà tí kò sì ní model tó péye, tàbí tí model ẹ̀ ò ṣe bí ẹ̀rọ ẹ̀ ṣe ń ṣe, ó máa dá yín dúró ju ohun tí ẹ fi pàdánù lórí fáànù lọ.

Ìyá Fóltéèjì

Lórí model, a jọ gbà. Lórí fáànù, á di ọjọ́ míì.

Kọnẹ́tọ̀

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni tèmi. String 4003 yẹn, pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní connector, ibi tí wáyà tó ń lọ sọ́dọ̀ ínfátà ti pàdé ti pánẹ́ẹ̀lì tún ní tiẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú díṣáìnì pé ilé iṣẹ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ ṣe akọ àti abo. Wọ́n máa ń wọ ara wọn, á tiẹ̀ dún kláàkì bíi pé ó dáa, ṣùgbọ́n irin inú wọn ò kanra tó, á máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Tó o bá gbé kámẹ́rà ooru lọ sábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, ọ̀kan yẹn á pọ́n yàtọ̀ láàárín àwọn tó kù, tó o bá tú u, rọ́bà ẹ̀ ti ń dúdú ti ń rọ̀. Iná púpọ̀ ti sọ níbẹ̀.

Pánẹ́ẹ̀lìBoy

Mo gbọ́, mo ti kọ ọ́. WáyàGíga, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ gíríìdì lọ́la, kí ni kí n kọ síbẹ̀?

WáyàGíga

Béèrè fóltéèjì ibi ìsopọ̀ àti bó ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀ láàárín ọdún. Béèrè fault level, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, àti X/R ẹ̀, ìyẹn ìfiwéra reactance àti resistance gíríìdì níbẹ̀. Tí wọ́n bá fún ẹ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ èyí tó pọ̀ jù ni, torí ìyẹn ni wọ́n fi ń yan breaker, tìẹ ni èyí tó kéré jù, ìgbà tí wáyà kan ti wà ní títúnṣe táwọn jẹnẹrétọ̀ ńlá ò sì ṣiṣẹ́. Béèrè sólà àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ míì tó wà nítòsí, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí tí wọn ò tíì kọ́. Béèrè power factor tí wọ́n fẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n, béèrè bóyá fóltéèjì ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ máa dì mú àbí Mvar, ní kí wọ́n fi ìlà fault ride-through (bó ṣe gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ tó nígbà fault) ránṣẹ́ pẹ̀lú irú model tí wọ́n ń gbà. Tún béèrè harmonic (ìdàrú nínú ìrísí iná) tó ti wà lórí wáyà yẹn tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, kí wọ́n má bàa ní ẹ̀yin lẹ gbé e wá. Fi 50 MW sí orí lẹ́tà, má fi 65.